Bí ọkọ̀ ojú omi ṣe gbéra láìsí èmi àti Màámi nínú ẹ̀

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, torí ọ̀rọ̀ náà ti ń di oríṣiríṣi ládùúgbò. Àwọn kan ní wọ́n já wa sílẹ̀ torí físà, àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé Màámi ló dákú sí Róòmù, ẹlòmíì ní ọkọ̀ ọ̀hún ló bàjẹ́. Kò sí èyí tó jóòótọ́ níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kẹrin ìrìnàjò ọlọ́sẹ̀ kan, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú méje ìrọ̀lẹ́, èmi àti ìyá mi ẹni ọdún 70 dúró sétí òkun ní Civitavecchia nílẹ̀ Ítálì, à ń wo ọkọ̀ tí aṣọ wa, òògùn Màámi, gaàrí wa, gbogbo ẹrù wa pátá wà nínú ẹ̀, bó ṣe ń yọ́ kúrò létí ilẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Màámi, mo ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ń sọ ọ́ níbí náà.

Ọdún 2025 ni Màámi pé 70. Àwa ọmọ ti ń dá owó jọ, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní London ló gbé èyí tó pọ̀ jù, èmi ń yọ tèmi díẹ̀díẹ̀ látinú owó ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní Gbági, àbúrò wa náà gbìyànjú. Èrò wa ni pé ká gba hóòlù, ká mú aṣọ ẹbí, ká pe onílù, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é ní Ìbàdàn. Màámi ló ní rárá. Tíṣà ni wọ́n, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Àgùdà sì ni wọ́n látilẹ̀, Òkè Pádì ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Wọ́n ní ọdún Júbílì nìyí, pé Póòpù Francis ti ṣí Ẹnu Ọ̀nà Mímọ́ ní Róòmù, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ tí wọn kì í ṣí àfi lọ́dún Júbílì, láti ọjọ́ tó ku ọ̀la Kérésì 2024, ọdún 25 sí 25 ni irú ẹ̀ sì ń wáyé. “Tí mo bá ní kí n dúró de èyí tó ń bọ̀, ẹni 95 ni mà á jẹ́, Ìyá Ìbejì, ṣé ìwọ lo máa pọ̀n mí débẹ̀?” Ọ̀rọ̀ hóòlù parí síbẹ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wá rí i pé ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní kúrúùsì, tó máa ń gbéra ní Barcelona nílẹ̀ Sípéènì, á yà sí Marseille nílẹ̀ Faransé, á dé Genoa, á dé Civitavecchia tó jẹ́ èbúté tí wọ́n ń gbà wọ Róòmù, á lọ Palermo, á lọ Valletta ní Málítà, á wá lo odindi ọjọ́ kan lórí omi kó tó padà sí Barcelona. Ọjọ́ méje. Owó kan lẹ máa san, bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, oúnjẹ wà nínú ẹ̀, ìrìn láti ìlú dé ìlú wà nínú ẹ̀, èèyàn ò ní máa wọ́ báàgì láti òtẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíì. Ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ mi torí orúnkún Màámi.

Ti físà, n ò ní fa á gùn. Físà Schengen ni, ẹyọ kan tó gba èèyàn wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, yúrò 90 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú íńṣọ́ránsì tó gbọ́dọ̀ lè san ó kéré tán 30,000 yúrò tí èèyàn bá ṣàìsàn lọ́hùn-ún. Ẹ rántí íńṣọ́ránsì yẹn, ó máa tó jẹ yọ. A wọ rélùwéè láti Mọ́níyà lọ Èkó láàárọ̀, a fò lálẹ́, a sun oorun ọjọ́ kan ní Barcelona, ó di ọjọ́ kejì a dé ẹnu ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rí ilé alájà 15 tí wọ́n kùn ní funfun, tí wọ́n wá gbé e léfòó sórí omi, bó ṣe rí nìyẹn. Màámi dúró, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ṣe àmì àgbélébùú. Wọ́n gbé báàgì wa gba abẹ́ ẹ̀rọ, áyọ́ọ̀nù tí mo kó dání ni wọ́n kọ́kọ́ mú, wọ́n ní iná lè sọ, pé tí a bá ń lọ sílé kí n wá gbà á. Gaàrí àti ata gígún wọlé, kò sẹ́ni tó bi wá nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gba páásípọ́ọ̀tù àwa méjèèjì, wọ́n fún wa ní rìsíìtì àti káàdì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní káàdì yẹn ni kọ́kọ́rọ́ yàrá wa, òun la ó fi máa ra nǹkan, òun náà la ó fi máa wọlé tí a ó fi máa jáde. Tẹ́ ẹ bá fi jáde, ẹ̀rọ á ké pìn, fọ́tò yín á yọ, ọkọ̀ á mọ̀ pé ẹ wà níta. Tẹ́ ẹ bá padà, á tún ké pìn. Iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ àti iye tó ṣì wà níta, wọ́n mọ̀ ọ́n ní gbogbo ìgbà.

Kí ọkọ̀ tó gbéra rárá, wọ́n kó gbogbo wa jọ láti kọ́ wa ní ohun tí a máa ṣe tí ewu bá dé. Fèrè kúkúrú méje, gígùn kan, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ gba ibi tí wọ́n yàn fún yín lọ. Ọkùnrin kan tó jókòó tì wá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé àwọn kan máa ń ti gbéra kí wọ́n tó ṣe é, títí ọkọ̀ Costa Concordia fi gbá òkúta létí erékùṣù Giglio ní oṣù kìíní 2012, tí èèyàn 32 kú, tó sì jẹ́ pé Civitavecchia ló ti gbéra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé níbẹ̀ ò tíì gba ẹ̀kọ́ kankan. Inú mi ò dùn pé ó sọ ọ́ létí Màámi. Àmọ́ Màámi tẹ́tí sí ẹ̀kọ́ fèrè yẹn bíi pé ìdánwò ń bọ̀, wọ́n tiẹ̀ rìn ín lẹ́ẹ̀mejì láti yàrá wa dé ibẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Yàrá wa kéré àmọ́ ó ní bákóńì, Màámi á jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, wọ́n á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rósárì wọn, omi á máa dún lábẹ́. Oúnjẹ pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ, ẹran, ẹja, búrẹ́dì oríṣi méjìlá, àmọ́ kò sí ata nínú ìkankan, ata gígún wa ló gbà wá. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin Filipínò tó ń tún yàrá wa ṣe rí i tí Màámi ń fi omi tútù rẹ gaàrí, ó béèrè ohun tó jẹ́, Màámi bu díẹ̀ fún un sínú kọ́ọ̀bù, ó jẹ ẹ́, ó ní ó jọ nǹkan tí ìyá ìyá òun máa ń fi gbágùúdá ṣe. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pe Màámi ní Mama.

Ìwé kan wà tí wọ́n máa ń fi sí yàrá wa lálaalẹ́. Ìlú tí a máa dé lọ́la, aago tí a máa dé, aago tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé, aago tí ọkọ̀ máa gbéra, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá ni nọ́ńbà fóònù ẹ́jẹ́ǹtì ọkọ̀ ní ìlú náà wà. Èmi kì í wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Màámi á ká tiwọn sí mẹ́rin, wọ́n á fi sínú pọ́ọ̀sì.

Ibi tí mo ti ṣì í nìyí. Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ máa ń ṣètò bọ́ọ̀sì tó ń gbé èrò láti Civitavecchia lọ Róòmù tó sì ń gbé wọn padà, ó lé ní yúrò 70 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yúrò kan ti ju ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà lọ nígbà yẹn, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Rélùwéè tiwọn ò pé yúrò 6. Ọ̀nà tó fi wọ Róòmù tó kìlómítà 80, bí ìgbà tí èèyàn ń ti Ìbàdàn lọ Ifẹ̀. Mo ní a ó wọ rélùwéè. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà ní kàńtà sọ fún mi ní pẹ̀lẹ́tù pé tí bọ́ọ̀sì àwọn bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè é, àmọ́ ẹni tó bá dá lọ, kò sẹ́ni tó máa dúró dè é. Mo gbọ́ ọ. Mo ní mo ti gbọ́.

Àmọ́ kò wọ inú mi, mo sì ti ro ìdí ẹ̀ títí. Ọkọ̀ tí mo mọ̀ láti kékeré, èyí tó ń kún kó tó lọ ni. Lọ ìdíkọ̀ Ìwó Road láàárọ̀, wàá gbọ́ “Ifẹ̀ ẹnì kan! Ifẹ̀ ẹnì kan péré!” látẹnu ẹni tí èèyàn mẹ́fà ṣì kù nínú bọ́ọ̀sì ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ló ń wá èrò. Tẹ́ ẹ bá sáré dé tó ti ń yí síá, ẹ kígbe, á tẹ búréèkì, ẹ̀yin àti òun ẹ jọ máa jà díẹ̀, ẹ ó sì wọlé. Ibi tí ara mi ti kọ́ nípa ọkọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ tó gbé èèyàn tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ, tó gba àyè létí omi fún wákàtí tí wọ́n kà fún un, tí ọkọ̀ míì sì lè ti máa bọ̀ wá síbi tó wà, n ò tíì bá irú ẹ̀ pàdé rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, a jáde kí aago mẹ́jọ tó lù, bọ́ọ̀sì gbé wa dé ẹnu géètì èbúté, òmíì gbé wa dé stéṣọ̀n. Ìwé Màámi sọ pé aago mẹ́fà ààbọ̀ ni gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé, aago méje ni gbígbéra. Rélùwéè dé lásìkò, ó mọ́, ó tutù, a sọ̀ ní San Pietro tó súnmọ́ Vatican, a rìn díẹ̀díẹ̀ torí orúnkún.

Èrò tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n ò lè kà á. A tò, wọ́n yẹ wá lára wò, a tún tò. Oòrùn oṣù kẹsàn-án ibẹ̀ ń mú. Ó ń lọ sí wákàtí mẹ́ta kó tó kàn wá. Ẹnu Ọ̀nà Mímọ́ náà, bàbà ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀, àwòrán kékeré kékeré wà lára ẹ̀, ó ṣí sílẹ̀, ibi tí ọwọ́ àwọn èèyàn ti ń kàn án ti ń dán ju ibi tó kù lọ. Màámi ò fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dúró, wọ́n bọ́ rósárì ọrùn wọn, èyí tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n we é mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ìgbà yẹn ni wọ́n wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara bàbà náà, wọ́n sì dárúkọ. Wọ́n dárúkọ bàbá wa tó ti kú, ìyá wọn, àwọn tíṣà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tí wọn ò sí mọ́, ẹni tó wà lẹ́yìn wa ò sì tì wá. Mo ti wo ojú Màámi fún ogójì ọdún ó lé, n ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ohunkóhun tí ìrìnàjò náà ná wa, ibẹ̀ yẹn ló ti san án padà.

Nígbà tá a jáde, Màámi wo aago ọwọ́ wọn. “Ìyá Ìbejì, aago méjì ààbọ̀ ti lù o.” Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀ Màámi, àyè ṣì pọ̀. Mo fẹ́ ra rósárì fún àwọn ẹgbẹ́ ìyá ní Òkè Pádì, 40 ni wọ́n ní ká rà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ná ọjà, ṣọ́ọ̀bù kan dé ìkejì, bí mo ṣe ń ná an ní Gbági. Màámi jókòó síta lórí àga kan. Ìgbà kejì wọ́n ní, “Aago mélòó lo fẹ́ ká lọ?” Ìgbà kẹta wọn ò sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n kàn ń wo aago. Ìṣẹ́jú 50 ni mo lò nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù tá a dé stéṣọ̀n San Pietro, pátákó tí wọ́n ń kọ orúkọ rélùwéè sí, gbogbo ìlà ẹ̀ ló pọ́n. N ò gbọ́ Ítálì, àmọ́ mo rí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń lọ Civitavecchia, èyí tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Ọmọkùnrin kan tó gbọ́ òyìnbó díẹ̀ ló là á yé wa pé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Mo ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, rélùwéè ló gbé wa wá láàárọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òfin àwọn ni pé lọ́jọ́ iṣẹ́ tí ìyanṣẹ́lódì bá bọ́ sí, àwọn rélùwéè kan gbọ́dọ̀ rìn láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́, kí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ lè débẹ̀ kí wọ́n sì lè padà sílé. Àyè yẹn la bọ́ sí láàárọ̀, ìdí nìyẹn tá ò fi fura. Èyí tó wá ká mi lára jù nígbà tí mo mọ̀ ọ́n ni pé òfin wọn ní kí wọ́n kéde ìyanṣẹ́lódì ọkọ̀ ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Ó ti wà níta kí a tó kúrò ní Ìbàdàn pàápàá. Ká ní mo tẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, ìṣẹ́jú méjì ni.

Ẹnì kan tún wá sọ pé ọ̀kan máa wá láìpẹ́, pé kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló yanṣẹ́ lódì. A dúró. Aago márùn-ún lù, kò sí nǹkan kan. Mo sáré jáde wá takisí, gbogbo Róòmù ló ń wá takisí lọ́jọ́ yẹn, ogún ìṣẹ́jú ó lé kí a tó rí ẹni tó gbà, ó ní 180 yúrò, mo ní kó máa lọ. Kí a tó jáde nínú ìlú, mọ́tò ò rìn mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí Mọ́kọ́lá ṣe ń rí lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ nígbà tí ọ́fíìsì ń tú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ń wo fóònù, mo ń wo ọ̀nà. Aago mẹ́fà lù, a ò tíì bọ́ sí títì márosẹ̀. Mẹ́fà ààbọ̀, mo ń gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù. Màámi ń gba rósárì wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọn ò bá mi wí, ì bá tiẹ̀ sàn kí wọ́n bá mi wí.

A dé. Dẹ́rẹ́bà náà ṣe é tọkàntọkàn, ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní géètì, wọ́n jẹ́ ká wọlé dé ibi tí ọkọ̀ wà. Àtẹ̀gùn tí wọ́n máa ń gbà wọlé, wọ́n ti fà á. Okùn, wọ́n ti tú u. Omi tó wà láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀ kò fẹ̀ ju títì Dùgbẹ̀ lọ, ó sì ń fẹ̀ sí i. Àwọn èrò wà lórí bákóńì, wọ́n ń wò wá, àwọn kan na fóònù sí wa. Mo ké. N ò mọ ohun tí mo ń ké. Màámi ló di apá mi mú, wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, ó ti lọ. Má ké mọ́.” Wọ́n wá ṣí pọ́ọ̀sì, wọ́n yọ ìwé tí wọ́n ká sí mẹ́rin jáde. “Nọ́ńbà kan wà nísàlẹ̀ níbí.”

Ìwé yẹn ló gbà wá. Mo pe nọ́ńbà náà, ẹ́jẹ́ǹtì gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti mọ orúkọ wa. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìyẹn ló dé pẹ̀lú àpòòwé funfun kan, páásípọ́ọ̀tù àwa méjèèjì wà nínú ẹ̀. Ó ní káàdì wa ò ké pìn, wọ́n pe orúkọ wa nínú ọkọ̀ títí, nígbà tí wọ́n rí i pé ó ti ku díẹ̀ kí wọ́n gbéra, wọ́n yọ páásípọ́ọ̀tù wa, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ fún òun. Àwọn tó ń sọ fún mi ní Ìbàdàn pé ìwà ìkà ni wọ́n hù, èyí ni mo máa ń sọ fún wọn. Ẹni tó fẹ́ já èèyàn kulẹ̀ kì í fi ìwé ìrìnnà ẹ̀ lé ẹni tó máa bójú tó o lọ́wọ́.

Ó ní ká bá ọkọ̀ ní Palermo lọ́la, aago mẹ́wàá àárọ̀ ló máa dé, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé, ìnáwó wa sì ni. Kò sí báàlú tá a lè bá lálẹ́ yẹn mọ́. Tàárọ̀ wà, àmọ́ a ó sanwó òtẹ́ẹ̀lì, owó tíkẹ́ẹ̀tì tèèyàn rà lọ́la fún lọ́la sì ti ga. Ó ní rélùwéè alẹ́ kan wà tó ń ti Róòmù lọ Palermo, bí aago mọ́kànlá, pé aago mẹ́sàn-án ni ìyanṣẹ́lódì máa parí. A wọ èyí tó ń rìn lásìkò mẹ́fà sí mẹ́sàn-án padà sí Róòmù. Ìlú tá a ti ń sáré kúrò!

Òògùn ló wá kù. Amlodipine ni Màámi ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, alaalẹ́ ni, ó sì wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú ọkọ̀. Wọ́n ti ń di orí mú láti inú takisí, wọ́n kàn ń fi pa mọ́ fún mi ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ stéṣọ̀n ńlá wọn tó ń jẹ́ Termini, mo rí iná àgbélébùú aláwọ̀ ewé, kẹ́míìsì wọn nìyẹn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ Màámi, 168 lórí 98. Mo ní fọ́tò páálí òògùn náà nínú fóònù mi, torí èmi ni mo máa ń bá wọn rà á ní Bódìjà, mo fi hàn án, ó wo orúkọ, ó wo mílígíráàmù, ó wo Màámi, ó lọ mú páálí kan wá. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ní òbí tó ń lo òògùn ka ibí yìí dáadáa: ẹ ya fọ́tò páálí náà lónìí, kí iye tó máa tó ọjọ́ mẹ́ta sì máa wà nínú báàgì tí wọ́n ń gbé kọ́ apá. N ò ṣe èkejì, fọ́tò yẹn nìkan ni mo ní, orí ló sì jẹ́ kí n ní in.

Yàrá alábẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ni wọ́n fún wa nínú rélùwéè, méjì lókè méjì nísàlẹ̀. Màámi sùn, n ò sùn. Mo ń ka mímí wọn.

Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí rélùwéè dúró ní Villa San Giovanni, ní òpin ilẹ̀ Ítálì gan-an, ibi tí òkun ti dínà mọ́ ọn. Mo rò pé wọ́n máa ní ká sọ̀. Wọn ò ní ká sọ̀ o. Wọ́n gé rélùwéè sí ọ̀nà ọ̀nà, a gbọ́ gbì, a gbọ́ irin tó ń ha irin, ẹ́ńjìnnì fi ẹ̀yìn tì wá lọ díẹ̀díẹ̀, ojú fèrèsé ṣókùnkùn. Màámi dìde jókòó. “Kí lèyí?” Ọ̀gbẹ́ni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì òdìkejì tọ́ka sísàlẹ̀, ó ní ọkọ̀ ojú omi. Inú ikùn ọkọ̀ ojú omi la wà, rélùwéè odidi, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú èrò, wọ́n tò wá sórí irin tó wà nínú ọkọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń to búrẹ́dì sínú àdògán. Omi tó wà láàárín ilẹ̀ Ítálì àti erékùṣù Sísílì tí Palermo wà, Messina ni wọ́n ń pè é, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà mẹ́ta níbi tó ti tínrín jù, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ pé àwọn máa kọ́ afárá lé e láti ọjọ́ tó ti pẹ́, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkọ̀ ló ń gbé rélùwéè kọjá. Màámi wò mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. “Ọkọ̀ ojú omi fi wá sílẹ̀, òmíì wá gbé wa pẹ̀lú ilé.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àyà mi balẹ̀ láti aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán àná.

Ó ti kọjá aago kan ọ̀sán ká tó dé Palermo. Takisí, èbúté, ilé funfun náà dúró níbẹ̀. Káàdì Màámi ké pìn, tèmi ké pìn. Nínú yàrá, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, obìnrin Filipínò yẹn ti fi táwẹ́ẹ̀lì ká erin kan sórí ìrọ̀rí Màámi, ó sì to òògùn wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀bù omi. Nígbà tó rí wa lálẹ́, ó dì mọ́ Màámi.

A ò rí Palermo rárá, a sùn ni. Ó di ọjọ́ kejì, Valletta, ìlú tí gbogbo ilé ẹ̀ jẹ́ òkúta aláwọ̀ oyin. Màámi ti ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27 àti 28 kalẹ̀ láti àárọ̀, torí erékùṣù yẹn ni Bíbélì pè ní Mélítà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó gbé Pọ́ọ̀lù fọ́ sí. Wọ́n ní kí n kà á sókè lórí bákóńì. Mo kà á. Wọ́n ní, “Ti Pọ́ọ̀lù fọ́ yángá. Tiwa dúró dè wá ní Palermo.” Wọn ò tíì mú ọ̀rọ̀ aago tàbí ṣọ́ọ̀bù rósárì wá sẹ́nu, èmi ni mo kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́jọ́ yẹn, wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn wá omi gbígbóná.

Ti owó: takisí 180, bẹ́ẹ̀dì méjì nínú rélùwéè, òògùn, takisí méjì míì, owó fóònù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí bọ́ọ̀sì ọkọ̀ ì bá gbà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Mo kọ̀wé sí àwọn íńṣọ́ránsì nígbà tá a délé, wọ́n dáhùn pé àìsàn, jàǹbá àti gbígbé èèyàn padà sílé ni ìwé tí mo rà kárí, pé kí ọkọ̀ fini sílẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo padà lọ kà á, òótọ́ ni, kò sí níbẹ̀. Irú èyí tó kárí ẹ̀ wà, ó wọ́n jù ú lọ, ìwé tí físà ní ká mú wá nìkan ni èmi wò. Ẹ̀gbọ́n mi bínú lórí fóònù fún ọjọ́ méjì, ó tọ́ sí mi. Ó wá rán owó tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè padà sí mi láìsọ fún mi.

Ní Sunday àkọ́kọ́ tá a padà, Màámi pín rósárì 40 yẹn fáwọn ẹgbẹ́ ìyá lẹ́yìn Máàsì, lábẹ́ igi tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé báàgì dání. Wọ́n ń bi wọ́n léèrè bí Róòmù ṣe rí, Màámi sọ ti ilẹ̀kùn, gbogbo wọn dákẹ́. Ẹnì kan wá ní a gbọ́ pé ọkọ̀ fi yín sílẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀? Mo gbé ojú sílẹ̀. Màámi ní, “Àwọn rélùwéè wọn ló yanṣẹ́ lódì.” Wọ́n na rósárì kan sí ìyá tó béèrè, wọ́n ní, “Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ fún yín o, ẹ ti rí i rí kí rélùwéè wọ inú ọkọ̀ ojú omi?”